Gílóòbù LED fún Yàrá Kọ̀ọ̀kan: Àyẹ̀wò Ìsọ̀ Iná Kan ní Tákíẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìsọ̀ iná tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà ní àdúgbò Tákíẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, láàárín àwọn tó ń ta wáyà, súwíìsì àti fáànù. Ohun méjì ló mú kí n kà á sí ibi tó yẹ kí ènìyàn yà sí kí ó tó náwó sórí iná ilé. Èkíní ni pé wọ́n máa ń jẹ́ kí oníbàárà ka ohun tó wà lára páálí dáadáa kí ó tó sanwó, láìfi ojú burúkú wò ó. Èkejì ni pé wọ́n ní yàrá kékeré kan lẹ́yìn káńtà, tí kò ní fèrèsé, níbi tí wọ́n ti ń tan gílóòbù fún ẹni tó bá bèèrè. Yàrá tó ṣókùnkùn yìí wúlò gan-an, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ìsọ̀, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń dán gílóòbù wò ní ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn ti tàn sí ibi gbogbo. Èyí tó bá funfun jù, tó sì ń gún ojú jù, ni yóò dà bí ẹni pé ó dára jù. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú nílé, tí a wá tàn án sí yàrá tí a fẹ́ fi sùn, ọ̀rọ̀ yóò ti yàtọ̀. Ní tèmi, iṣẹ́ tí a ń ṣe nínú yàrá ló yẹ kó yan gílóòbù fún un, kì í ṣe bí gílóòbù náà ṣe ń tàn yòò lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.

Ilé tí mo ra àwọn iná náà fún jẹ́ ilé oníyàrá mẹ́ta pẹ̀lú pálọ̀, ní apá ọ̀nà tó lọ sí Yunifásítì LAUTECH. Họ́dà onípìn-ín ni wọ́n fi sí gbogbo àjà rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ilé wa, àyàfi fàráńdà tó jẹ́ ti onísúkúrù. Mo dárúkọ èyí nítorí pé lára páálí, B22 ni wọ́n máa ń kọ fún onípìn-ín, E27 sì ni wọ́n máa ń kọ fún onísúkúrù, ẹni tí kò bá sì mọ irú èyí tó wà nílé rẹ̀ lè ra èyí tí kò ní wọ inú họ́dà rẹ̀.

Nǹkan àkọ́kọ́ tí mo wò lára páálí kì í ṣe wáàtì. Wáàtì ni iye iná tí gílóòbù ń jẹ, lúmẹ̀nì sì ni iye ìmọ́lẹ̀ tí ó ń tú jáde. Gílóòbù àtijọ́ oníwáyà tó ń gbóná, èyí tí a ń pè ní 60 wáàtì, ń mú nǹkan bí lúmẹ̀nì 800 jáde. LED tó jẹ́ wáàtì 9 péré ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Bí a bá tan ti àtijọ́ fún wákàtí márùn-ún lálaalẹ́, yóò jẹ yúnìtì 9 ní ọgbọ̀n ọjọ́, ṣùgbọ́n LED yóò jẹ yúnìtì kan àti díẹ̀, ìyẹn 1.35. Ní iye 225 náírà lórí yúnìtì kan, tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná ní Nàìjíríà, kéde ní oṣù kẹrin ọdún 2024 fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣètò fún láti máa rí iná jù lójúmọ́, tó sì ti yí padà láti ìgbà náà, gílóòbù àtijọ́ kan yóò jẹ 2,025 náírà lóṣù, nígbà tí LED kò ní jẹ ju nǹkan bí 304 náírà lọ. Ẹ fi iye gílóòbù tó wà nílé yín sọ ọ́ di púpọ̀. Àmọ́ àwọn páálí kan wà ní ìsọ̀ yìí kan náà tí wọ́n kọ wáàtì gàdàgbà sí lójú, tí wọn kò kọ lúmẹ̀nì kankan síbẹ̀. N kò ra ọ̀kankan nínú wọn. Gílóòbù ilé tí a sábà máa ń rí lọ́jà ń fún ènìyàn ní nǹkan bí lúmẹ̀nì 80 sí 110 lórí wáàtì kan; èyí tó bá ní wáàtì 9 òun ń mú 2,000 jáde ń purọ́.

Nọ́ńbà kejì tó yẹ kí a wò ni èyí tó ní lẹ́tà K lẹ́yìn. Òun ló ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà. 2700K àti 3000K pọ́n díẹ̀ bí iná àtùpà, 4000K wà láàárín, 6500K sì funfun débi pé ó fẹ́ máa dà bí búlúù. Ìdí tí LED fi lè ní oríṣiríṣi àwọ̀ báyìí wà nínú bí wọ́n ṣe ń ṣe é. LED tó ń tan iná búlúù ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì máa ń fi ohun èlò aláwọ̀ yẹ́lò bò ó, kí apá kan nínú iná búlúù náà lè yí padà di àwọ̀ mìíràn. Bí wọ́n bá ṣe po ohun èlò náà ni àwọ̀ yóò ṣe rí. Ẹni tó bá ti ṣí gílóòbù tó ti kú yóò ti rí àwọn ẹ̀ka kéékèèké aláwọ̀ yẹ́lò náà lórí páànù rẹ̀. Ọgbọ́n LED búlúù yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì lọ́dún 2014 fún Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, nítorí pé kí wọ́n tó ṣe é, LED pupa àti aláwọ̀ ewé ti wà, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè fi wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ funfun nínú ilé.

Pálọ̀ ni mo pẹ́ jù lé lórí. Ẹsẹ̀ bàtà 16 ní 14 ni pálọ̀ náà, ìyẹn bí mítà onígun mẹ́rin 21. Bí a bá fẹ́ kí àwọn ènìyàn rí ojú ara wọn dáadáa kí wọ́n sì lè ka ìwé ìròyìn láìfún ojú pọ̀, nǹkan bí lúmẹ̀nì 3,000 ló yẹ kó wà níbẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí bí 150 lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, kí ògiri àti àjà tó gba tiwọn níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé wọ́n a fi gílóòbù ńlá kan ṣoṣo, wáàtì 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, sí àárín àjà. Ìmọ́lẹ̀ yóò pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò máa gún ẹni tó bá jókòó sábẹ́ rẹ̀ lójú, òjìji yóò sì wà ní gbogbo igun. Pánẹ́ẹ̀lì olóbìrípo mẹ́rin ni mo rà dípò rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 9, tí oníṣẹ́ iná sì fi wọ́n sí apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àjà lórí súwíìsì méjì, kí a lè tan méjì péré nígbà tí a bá ń wo tẹlifíṣọ̀n. 3000K ni gbogbo wọn. Ó kọ́kọ́ ya ọ̀gá tó ni ìsọ̀ náà lẹ́nu. Ó ní, “Bàbá, funfun ni gbogbo ayé ń rà o, iná pupa yìí á mú kí pálọ̀ yín dà bí ti ayé àtijọ́.” Nígbà tí a tan èyí tó pọ́n àti èyí tó funfun sí yàrá ẹ̀yìn káńtà, tí mo gbé aṣọ òkè tí mo mú dání sábẹ́ wọn, ó rí i pé àwọ̀ sányán náà yọ dáadáa lábẹ́ èyí tó pọ́n, ó sì ṣá lábẹ́ èkejì. Ní ti iná tẹ́ẹ́rẹ́ alámì-àwọ̀ tí wọ́n máa ń fi sínú P.O.P, tó ń yí láti pupa sí búlúù sí àwọ̀ ewé, n kò rí ohun tó wúlò fún nínú ilé tí kì í ṣe ilé ijó, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn ọmọ kò ní gbà fún mi.

Nínú ilé ìdáná, àwọ̀ ṣe pàtàkì, àmọ́ ohun kan tún wà tí kì í ṣe K. Òun ni òǹkà CRI, tí àwọn mìíràn ń kọ bí Ra. Ó ń sọ bí àwọ̀ àwọn nǹkan ṣe máa jọ ara wọn sí lábẹ́ gílóòbù náà bí a bá fi wé ìmọ́lẹ̀ oòrùn, tí òǹkà tirẹ̀ jẹ́ 100. Gílóòbù tí òǹkà rẹ̀ jẹ́ 80 tó fún ọ̀pọ̀ yàrá, ṣùgbọ́n 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni mo fẹ́ ní ibi tí a ti ń gé ẹran. Lábẹ́ gílóòbù tí òǹkà rẹ̀ kéré, àwọ̀ ẹran tútù yóò ṣá, ata rodo àti tòmátì yóò dàbí èyí tó ti ń bàjẹ́, a ò sì ní mọ̀ bóyá epo pupa ti yọ́ tàbí ó ti ń jó. Ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà tàbí tó ń wá òkúta inú ìrẹsì ní alẹ́ yóò mọ ohun tí mo ń sọ. Gílóòbù wáàtì 9 méjì tó jẹ́ 4000K ni mo fi sí àjà ilé ìdáná, mo sì fi iná tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lókè ibi tí a ń gé nǹkan, nítorí pé bí iná bá wà lẹ́yìn ẹni tó ń gé ẹ̀fọ́, òjìji ara rẹ̀ ni yóò bo pátákó ìgẹ́fọ̀ọ́ rẹ̀. Iná abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù yìí ni gbogbo ilé fẹ́ràn jù nínú ohun tí mo rà. Gílóòbù tí CRI rẹ̀ jẹ́ 90 kò pọ̀ ní ìsọ̀ náà, ó sì wọ́n ju ti lásán lọ. Méjì péré tí mo lò fún ilé ìdáná ni mo rí.

Ní yàrá ìbùsùn, ẹsẹ̀ bàtà 12 ní 12, gílóòbù wáàtì 9 kan tó jẹ́ 2700K tó fún wíwọ aṣọ àti ìsinmi. Kò tó fún ìwé kíkà. Iná kékeré wáàtì 5 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ló ń ṣe ìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ tí búlúù pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń dín èròjà melatonin kù, èyí tí ara ń pèsè láti mú kí oorun kùn wá, ìdí sì nìyí tí mo fi kọ̀ láti fi 6500K sí yàrá tí ènìyàn ń sùn sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni wọ́n kó jọ jù ní ìsọ̀ náà. Tábìlì ìwé akẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀. Níbẹ̀, 4000K ló tọ́, kí ìmọ́lẹ̀ náà sì sún mọ́ ìwé, kí ó máa ti apá òsì wá fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé, kí òjìji ọwọ́ má baà bo ohun tó ń kọ.

Balùwẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: kí pánẹ́ẹ̀lì náà jẹ́ IP44 ó kéré tán (IP ni àmì tó ń sọ bí eruku àti omi kò ṣe lè wọ inú iná tó), kí omi tó bá ta sí i má baà bà á jẹ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò nílò ju wáàtì 5 lọ.

Ọ̀rọ̀ tó nípọn ni ti iná tí kì í dúró sójú kan. Ní àdúgbò púpọ̀, iná máa ń wálẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo ènìyàn bá ń lò ó, a sì tún máa fò sókè lójijì. Ohun tó ń gba gílóòbù LED là kì í ṣe LED fúnra rẹ̀, bí kò ṣe ẹ̀rọ kékeré tó wà ní ìdí rẹ̀ tó ń yí iná padà, tí a ń pè ní dráífà. Bí wọ́n bá kọ 85–265V sára páálí, dráífà náà lè ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá wálẹ̀ gan-an, ìmọ́lẹ̀ kò sì ní dín kù bíi ti gílóòbù oníwáyà. Èyí tí wọ́n kọ 220–240V sí lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú tàbí kí ó kú pátápátá bí iná bá lọ sílẹ̀. Mo béèrè fún ti àkọ́kọ́ fún gbogbo yàrá, ọmọ ìsọ̀ náà sì mọ ibi tí wọ́n wà láìwádìí, èyí tó wú mi lórí. Wákàtí 15,000 tàbí 25,000 tí wọ́n ń kọ sí páálí kò jẹ́ ìlérí fún dráífà. Òun ló máa ń kọ́kọ́ kú, ooru ló sì máa ń pa á jù. Nítorí náà, a kò gbọ́dọ̀ fi gílóòbù LED sínú ìgò tí a dé pa mọ́ ọn tí afẹ́fẹ́ kò lè wọlé, àyàfi bí wọ́n bá kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó lè gbé irú ibẹ̀.

Àwọn gílóòbù oníbátìrì, tó máa ń tàn fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí iná bá ti lọ, ni ọjà tó ń yára tà jù níbẹ̀. Mo ra wọn fún ilé ìdáná kékeré tó wà lẹ́yìn ilé àti fún ẹnu àtẹ̀gùn nìkan, mo sì rò pé ibi tó yẹ wọ́n nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ wọn máa ń dín kù nígbà tí wọ́n bá ń lo bátìrì, súwíìsì gbọ́dọ̀ wà ní títàn kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́, bátìrì líthíọ̀mù inú wọn kò sì fẹ́ràn ooru tó ń ti ara LED wá, débi pé ìgbà tí gílóòbù bá ṣì ń tàn dáadáa lórí iná mànàmáná, bátìrì rẹ̀ lè ti rẹ̀. Fún pálọ̀ àti yàrá, ẹni tó ní ínfátà kò nílò wọn rárá.

Ìta ni owó ti ń ṣòfò jù. Iná sólà tí wọ́n ń kọ 200W tàbí 300W sí lára kún gbogbo ìsọ̀ ní Tákíẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò sì ju ìwọ̀n ìwé kan lọ. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí pánẹ́ẹ̀lì bá jẹ́ wáàtì 10, tí oòrùn sì mú fún wákàtí márùn-ún, wáàtì-wákàtí 50 péré ni yóò kó jọ. Iná wáàtì 100 kan yóò jẹ ẹ́ tán ní ìlàjì wákàtí. Nítorí náà, iye tó wà lára irú iná yìí kì í ṣe iye tó ń jẹ ní tòótọ́. Ẹni tó bá fẹ́ sólà, kí ó wo ìwọ̀n pánẹ́ẹ̀lì àti ti bátìrì. Fún ẹ̀yìnkùlé wa, mo ra iná wáàtì 20 lásán tó jẹ́ IP65, èyí tí eruku ọyẹ́ kò lè wọ inú rẹ̀, tí òjò tó ń fẹ́ lù ú kò sì lè bà á jẹ́. 3000K ni mo yàn fún ìta náà pẹ̀lú, nítorí pé kòkòrò kì í tẹ̀lé ìmọ́lẹ̀ tó pọ́n tó bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé èyí tó funfun. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, tí èsúnsún bá ń fò, ẹni tó fi 6500K sí fàráńdà rẹ̀ ni yóò fi ìgbálẹ̀ gbá ìyẹ́ wọn jáde lówùúrọ̀. Òótọ́ ni pé àwọn mìíràn ń fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé wọ́n fẹ́ dín wọn jẹ.

Ìṣòro méjì wà tí àwọn oníbàárà máa ń gbé wá sí ìsọ̀ náà bí ẹ̀sùn, tí kò sì jẹ́ ẹ̀bi gílóòbù nígbà gbogbo. Ọ̀kan ni gílóòbù tó ṣì ń tàn fírífírí lẹ́yìn tí a ti pa súwíìsì. Bí súwíìsì náà kò bá ní iná kékeré nínú, ó ṣeé ṣe kí oníṣẹ́ iná ti gba wáyà dúdú kọjá sínú súwíìsì dípò wáyà pupa tó ń gbé iná wá, èyí sì léwu, nítorí pé iná ṣì wà nínú họ́dà nígbà tí a rò pé a ti pa á. Oníṣẹ́ iná ló yẹ kí a pè, kì í ṣe gílóòbù mìíràn. Èkejì ni túùbù LED tí wọ́n fi sínú họ́dà túùbù àtijọ́ láìyọ ṣóòkì rẹ̀ kúrò, ìyẹn ẹ̀rọ inú họ́dà náà tó ń ṣàkóso iná fún túùbù àtijọ́. Ní ti gílóòbù tó ń ṣẹ́jú láìhàn sí ojú, tó sì máa ń mú kí orí máa fọ́ àwọn ènìyàn kan, ẹ gbé kámẹ́rà fóònù sí i nínú ìsọ̀: bí ilà dúdú bá ń rìn kọjá lójú fóònù náà, ẹ dá a padà sórí àtẹ.

Ìsọ̀ náà ń fún gílóòbù tó bá jẹ́ ojúlówó ní gàránńtì, wọ́n sì ń kọ ọjọ́ tí a rà á sí ìdí rẹ̀ pẹ̀lú bírò, kí àríyànjiyàn má baà wà. Àwọn ìsọ̀ mélòó kan ní àdúgbò náà ń ta ọjà tó dín owó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọn kì í gba gílóòbù padà. Àbùkù ńlá tí mo rí ní ìsọ̀ yìí ni ti ohun tí wọ́n ń kó wá: 6500K onípìn-ín pọ̀ rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n èyí tó bá jẹ́ 2700K tàbí tí òǹkà CRI rẹ̀ bá ga, onísúkúrù ni wọ́n sábà máa ń rí kó, nígbà tó jẹ́ pé onípìn-ín ni ilé wa ń lò. Ẹni tó bá fẹ́ fi irú rẹ̀ sí yàrá yóò ní láti béèrè fún un ṣáájú kí wọ́n tó tún lọ kó ọjà, tàbí kí ó ra họ́dà onísúkúrù mọ́ ọn, kí oníṣẹ́ iná sì pààrọ̀ rẹ̀.